Ọkọ̀ há sí oríta, oríta ò sì gbọ́ àṣẹ

Lónìí, ọkọ̀ ojú irin kékeré tí à ń tò sórí tábìlì la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá bí iná ṣe ń dé àwọn oríta àti iná àmì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi àṣìṣe tèmi bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ mi wọ oríta tí mi ò tíì yí síbi tó yẹ. Táyà onírin rẹ̀ so irin méjì tí kò yẹ kó kanra pọ̀, ló bá di ṣáàtì. Ẹ̀rọ pa iná lójú ẹsẹ̀. Mo tẹ fóònù mi pé kí oríta yí padà, kò dáhùn. Oríta tó fa wàhálà ni mo fẹ́ yí, iná tí màá fi yí i ló ti lọ yẹn! Ọwọ́ ni mo fi gbé ọkọ̀ kúrò.

Kí ló fà á? Nínú ètò DCC, tí ilé iṣẹ́ Lenz ní Jámánì bẹ̀rẹ̀, tí ẹgbẹ́ NMRA ní Amẹ́ríkà sì sọ di ìlànà, iná àti àṣẹ jọ ń gba ojú irin kan náà ni. Díkódà kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀, bíi nọ́ńbà fóònù. Gbogbo wọn ń gbọ́ àṣẹ, ẹni tí a pè nìkan ló ń dáhùn. Bí ojú irin bá kú, kò sẹ́ni tó máa gbọ́.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ẹ pín wáyà sí méjì láti ibi àpótí tó ń fún ojú irin níná. Ìkan á gba inú bréékà lọ sójú irin. Èkejì á lọ tààrà sọ́dọ̀ díkódà oríta, láì gba inú bréékà. Bréékà yẹn gbọ́dọ̀ tètè já ju àpótí fúnra rẹ̀ lọ. Bí ṣáàtì bá ṣẹlẹ̀, ojú irin nìkan ló máa kú. Oríta á ṣì gbọ́.

Àwọn díkódà kan ní ibi tí ẹ ti lè so ṣájà ọ̀tọ̀ mọ́ ọn. Ó dára, kò ní jẹ iná ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ṣájà yẹn kì í gbé àṣẹ: wáyà àṣẹ ṣì gbọ́dọ̀ wà láàyè.

Ìkìlọ̀ kan tó kù: oríta tó ń fi kọ́ìlì ṣiṣẹ́ kò fẹ́ ju iná ìgbà díẹ̀ bí ìgbà téèyàn ṣẹ́jú lọ. Bí iná bá dúró síbẹ̀, á jóná. Ẹ yẹ ètò díkódà yín wò kí ẹ tó tan án.

Ó dìgbà kan ná o.