Ṣé o mọ̀? Fáìlì tí kò sí lórí dísìkì ló ń ròyìn dísìkì

Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux, fáìlì kan wà tó ń jẹ́ /proc/partitions. Bí o bá wo bó ṣe tóbi tó, òdo ni wàá rí. Ṣùgbọ́n ṣí i wò: orúkọ àti ìwọ̀n àwọn dísìkì inú ẹ̀rọ náà ti tò síbẹ̀. Ìgbà tí o bá ń kà á gan-an ni kernel, ìyẹn ọkàn Linux, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ọ́.

Nínú irú àwọn fáìlì báyìí, èyí tó wù mí jù ni /sys/block/sda/queue/rotational (sda ni orúkọ dísìkì kan): 1 ni ti dísìkì tó ń yí, 0 ni ti SSD, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fíláàṣì USB míì máa ń purọ́ níbẹ̀. Ní ti /sys/block/sda/size, tó ń sọ ìwọ̀n dísìkì náà, nọ́ńbà inú rẹ̀ kì í ṣe báìtì. Sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 512 ná.