Wúfà Méjì Nínú Pálọ̀, Báàsì Ò Dún: Kí Ló Fà Á?

Ẹni tó bá ra wúfà kejì kún èyí tó wà nílé, ohun tó ń retí ni kí báàsì di ìlọ́po méjì. Àmọ́ nígbà míì, tí wọ́n bá so ó tán, tí wọ́n tan fújì sí i, báàsì á wá rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn kan á ní ayédèrú ni ọlọ́jà tà fáwọn, àwọn míì á tún gba Taiwo Road lọ láti ra ẹ̀kẹta. Kẹ́ ẹ tó náwó míì, ẹ dákun, ẹ ka èyí ná, torí ọ̀fẹ́ ni àtúnṣe ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń fà á.

Iṣẹ́ wúfà ni kó máa ti afẹ́fẹ́ síwájú, kó sì máa fà á sẹ́yìn. Ní Hertz 50, ìyẹn báàsì tó máa ń lu èèyàn láyà, ìgbà 50 ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí wúfà méjèèjì bá jọ ń tì, tí wọ́n jọ ń fà, ohùn á le sí i. Ó lè fi dẹ̀síbẹ̀lì 6 lékún. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá ń tì nígbà tí èkejì ń fà, ńṣe ló dà bíi kéèyàn méjì máa ti mọ́tò kan náà, ọ̀kan láti iwájú, ọ̀kan láti ẹ̀yìn. Àwọn méjèèjì á làágùn, mọ́tò ò ní kúrò lójú kan.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ rèé. Ẹ jókòó síbi tẹ́ ẹ máa ń jókòó, ẹ tan orin tí báàsì rẹ̀ lágbára, kẹ́ ẹ ní kí ẹnì kan pa wúfà kan. Bí báàsì bá pọ̀ sí i nígbà tó ku ẹyọ kan, ọwọ́ ti tẹ olè: àwọn méjèèjì ló ń bára wọn jà. Ẹ má fi àwo àtijọ́ Odòlayé Àrẹ̀mú dánwò o. Kò sí ọmọ Ìlọrin tí dadakúàdá ò dùn mọ́, àmọ́ ìlù àti ẹnu ló gbé orin yẹn, kì í ṣe gìtá báàsì.

Lẹ́yìn wúfà tó ní ámpù tirẹ̀ nínú, ẹ wo bọ́tìnnì kékeré kan tí wọ́n kọ “Phase” sí, pẹ̀lú 0 àti 180. Ẹ yí ti ọ̀kan padà, ẹyọ kan ṣoṣo o, kẹ́ ẹ sì fetí sí i láti orí àga yín. Èyí tó bá dún jù ni kẹ́ ẹ fi í sí. Wúfà tí kò ní ámpù nínú ò ní bọ́tìnnì yìí, wáyà pupa àti dúdú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Bí pupa bá wà níbi dúdú lára ọ̀kan péré, ìjà náà nìyẹn. Tí wáyà náà ò bá ní àwọ̀, ẹ tú wúfà kúrò lára ámpù, kẹ́ ẹ fi bátìrì rìmóòtù kan, volt 1.5, kan wáyà méjèèjì fẹ́ẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ sì tètè mú un kúrò. Bí ojú wúfà bá fò síwájú, wáyà tó kan imú bátìrì, níbi àmì àròpọ̀, ni pupa.

Ọ̀rọ̀ àyè ló wá díjú díẹ̀. Ní Hertz 50, ìgbì ohùn kan gùn tó nǹkan bíi mítà 7. Tí wúfà kan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, tí èkejì sì fi mítà mẹ́ta àbọ̀ jìnnà sí yín jù ú lọ, ìdajì ìgbì nìyẹn. Wọ́n á pa ara wọn kí wọ́n tó dé etí yín, bí wáyà wọn tilẹ̀ tọ́.

Ògiri náà tún wà ńbẹ̀. Búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì la fi ń kọ́lé níbí, kì í sì í gba báàsì mu, ńṣe ló ń dá a padà. Èyí tó ń lọ àtèyí tó ń bọ̀ á pàdé. Níbì kan wọ́n á kún ara wọn, níbòmíì wọ́n á pa ara wọn. Igun ilé ni báàsì máa ń pọ̀ sí jù, àárín gbùngbùn pálọ̀ ló sì sábà máa ń ṣófo. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó wà ní kíṣìnì fi lè máa pariwo pé ẹ dín in kù, nígbà tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ náwó ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ sún àga sẹ́yìn díẹ̀, ẹ máa rí ìyàtọ̀. Ọgbọ́n míì ni pé kẹ́ ẹ gbé wúfà sórí àga tẹ́ ẹ máa ń jókòó sí, ẹ tan orin, kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ máa rìn lẹ́bàá ògiri. Ibi tí báàsì bá ti kún létí yín jù ni kẹ́ ẹ gbé wúfà sí. Àwọn ọmọ á fi yín rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́.

Lọ́dún 2002, Todd Welti, tó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ní ilé iṣẹ́ Harman l’Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí jáde lórí iye wúfà tó tó yàrá kan. Ó rí i pé méjì tó dojú kọ ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àárín ògiri tirẹ̀, ń ṣe dáadáa gan-an, mẹ́rin náà dáa, àmọ́ lẹ́yìn mẹ́rin kò sí èrè gidi mọ́. Kí báàsì lè dọ́gba lórí gbogbo àga ló ń wá o, kì í ṣe ariwo.

Ẹ tún wo inú ámpù. Tí wọ́n bá fi sípíkà iwájú sí “Large”, ọ̀pọ̀ ámpù ò ní fi báàsì orin ránṣẹ́ sí wúfà rárá. Ẹ fi sí “Small”, kẹ́ ẹ fi crossover sí Hertz 80.

Ohun tó léwu ni kí wọ́n so wúfà méjì tó jẹ́ ohm 4 pọ̀ sójú kan náà lẹ́yìn ámpù. Ohm 2 ni ámpù máa rí. Tí kò bá lágbára rẹ̀, ó lè máa gbóná, kó máa kú fúnra rẹ̀, tàbí kó jóná pátápátá. Ẹ ka iye ohm tí wọ́n kọ sẹ́yìn ámpù kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan wáyà. Iná tí kò lágbára náà wà ńbẹ̀: bí báàsì bá ń dún lórí jẹnẹrétọ̀ ṣùgbọ́n tó rọ̀ nírọ̀lẹ́ lórí iná NEPA, wúfà kọ́ ló níṣòro.

Tẹ́ ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí ọ̀kan ò sì dún, ẹ pa iná, kẹ́ ẹ fi ìka méjèèjì tẹ ojú wúfà náà jẹ́jẹ́. Tó bá ń ha, kọ́ìlì inú rẹ̀ ti jóná nìyẹn. Tí fóòmù etí rẹ̀ bá ti ya, ẹ máa fojú rí i. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ tó mọṣẹ́ lè pààrọ̀ méjèèjì láìjẹ́ pé ẹ ra odidi wúfà tuntun.