Ẹsẹ̀ tí Ẹ̀jẹ̀ Kò Dé Dáadáa, àti Abẹ́rẹ́ Stem Cell

Àwọn kan nínú yín ní Humble níbí ti bi mí bóyá kí àwọn lọ gba abẹ́rẹ́ stem cell fún ẹsẹ̀ tí ń ro wọ́n. Owó ńlá ni, nítorí náà ẹ jẹ́ kí á yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀rá ni ó máa ń lẹ̀ mọ́ inú iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ọkàn lọ sí ẹsẹ̀, tí iṣan náà yóò sì fún. Sìgá àti àtọ̀gbẹ ni ọ̀gá nínú ohun tí ń fà á. Bí ènìyàn bá rìn díẹ̀, ẹran ẹ̀yìn ojúgun yóò máa ro ó. Bí ó bá dúró, yóò rọlẹ̀. Bí ó bá le, egbò kò ní jinná, ó sì lè di gígé ẹsẹ̀. Àrùn yìí pọ̀ láàrin àwa aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà tó ìlọ́po méjì ti àwọn òyìnbó.

Stem cell dà bí irúgbìn tí kò tíì hù. Wọn a fà á láti inú mùdùnmúdùn egungun ìbàdí aláìsàn, wọn a sì gún un sí ẹsẹ̀, pẹ̀lú ìrètí pé iṣan kékeré tuntun yóò hù. Ní 2002 àwọn dókítà Japan ròyìn pé ó ran àwọn aláìsàn wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán an wò lára ènìyàn 160 ní ilẹ̀ Netherlands, èsì tí ó jáde ní 2015 ni pé kò dín ẹsẹ̀ gígé kù. Ní Houston wa níbí, Texas Heart Institute wà lára àwọn tí ó dán an wò lára ènìyàn 82. Ní 2017 wọ́n sọ pé àwọn tí ó gbà á kò lè rìn pẹ́ ju àwọn tí ó gba oògùn ẹ̀tàn lọ. FDA kò tíì fọwọ́ sí i fún àrùn ẹsẹ̀ yìí. Òfin Texas ti 2017 fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí àìsàn wọn le láti gbìyànjú irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀; àyè àtigbìyànjú kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ń wo ni sàn. Lójú tèmi, ẹ má ta ọkọ̀ yín nítorí rẹ̀.

Ẹ ní kí dókítà wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ apá yín àti ti ọrùn ẹsẹ̀, kí ó fi wọ́n wéra. Kì í dunni. Ẹ pa sìgá tì. Ẹ rìn títí yóò fi ro yín, ẹ sinmi, ẹ tún rìn: èyí ní ẹ̀rí lẹ́yìn ju abẹ́rẹ́ náà lọ. Ẹni tí ó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí ó sọ fún mi àti fún dókítà rẹ̀ kí ó tó mu àgbo tí aáyù tàbí atalẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ tí ó ti kú tipiri. A máa ń bọ́ bàtà ní ojúbọ: ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, kí ó yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò bí ó bá jáde, nítorí ó lè gun nǹkan láìmọ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé tutù, tí ó funfun, tí ó sì ń ro gidigidi, ẹ má wá sọ́dọ̀ mi. 911 ni kí ẹ pè lójú ẹsẹ̀.