Ọkọ̀ Tí Wọ́n Jí Ti Padà: Ta Ló Ṣì Ní Kọ́kọ́rọ́ Rẹ̀?

Bí ẹ bá ti wọ mọ́tò láti Tanke lọ sí Post Office rí, ẹ mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń rí nírọ̀lẹ́: awakọ̀ ń pe èrò, ọlọ́jà ń ná ọjà, ọkọ̀ há mọ́ ọkọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti jí Camry ẹ̀gbọ́n mi. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti ra oògùn, nígbà tó máa fi padà dé, ọkọ̀ ti lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn ọlọ́pàá rí i ní ìlú mìíràn. Gbogbo ilé dúpẹ́. Èmi náà rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Rewáyà kan ló la ojú wa. Ó ki ẹ̀rọ tó fi ń yẹ ọkọ̀ wò bọ ihò tó wà lábẹ́ sitiárìn, ó wo ojú ẹ̀rọ náà títí, ó wá bi ẹ̀gbọ́n mi pé, “Alájì, kọ́kọ́rọ́ mélòó lẹ ní?”

“Méjì ni. Ọ̀kan rèé, ìkejì wà nílé.”

“Ọkọ̀ yín ní mẹ́ta lòun mọ̀ o.”

Ẹ̀kẹta yẹn, ti olè ni. Ká ní a kò yẹ̀ ẹ́ wò ni, ẹni tó gbé ọkọ̀ lọ lè wá sí ẹnu géètì wa lóru, kó ṣí i, kó sì wà á lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àgbà tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí.

Bí ọkọ̀ ṣe ń mọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀

Nínú orí kọ́kọ́rọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, chip kékeré kan wà tí kò ní bátìrì. Wáyà kan ká ibi tí a ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́, wáyà yẹn á fún chip ní agbára díẹ̀, chip á sì dá nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ padà. Bí nọ́ńbà náà bá wà lára àwọn tí ọkọ̀ ní nípamọ́, ẹ́ńjìnnì á ṣiṣẹ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò ní í ṣiṣẹ́, bí irin kọ́kọ́rọ́ náà tilẹ̀ bá ihò mu. Ẹ̀ṣọ́ yìí ni wọ́n ń pè ní immobilizer.

Ẹ jẹ́ ká kíyè sí i pé irin kọ́kọ́rọ́, chip inú rẹ̀, àti rìmóòtù tó ń ṣí ilẹ̀kùn, nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Pípa ọ̀kan rẹ́ kò pa àwọn yòókù rẹ́.

Ihò tí rewáyà ki ẹ̀rọ rẹ̀ bọ̀ náà ní ìtàn. Láti ọdún 1996 ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan pé kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ní irú rẹ̀, kó lè rọrùn láti mọ àìsàn ẹ́ńjìnnì. Àmọ́ ihò tí mẹkáníìkì ń gbà wọlé ni olè tó ní ẹ̀rọ náà ń gbà kọ́ ọkọ̀ láti mọ kọ́kọ́rọ́ tuntun.

Ohun tí a ṣe, ní ìtẹ̀léra

1. Ìwé kọ́kọ́. Gba ìwé pé àwọn ọlọ́pàá ti dá ọkọ̀ padà fún ọ, kí o sì rí i dájú pé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀ ọkọ̀ tí wọ́n jí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n lè mú ọ lójú ọ̀nà nínú ọkọ̀ ara rẹ.

2. Nọ́ńbà ara ọkọ̀. Àmì 17 ni, lẹ́tà àti nọ́ńbà. Lẹ́tà I, O àti Q kì í sí nínú rẹ̀. Wo èyí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú àti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀, kí o fi wọ́n wé ìwé ọkọ̀.

3. Wáyà. Olè máa ń gé wáyà aláàmù, á sì so òmíràn pọ̀ bó ṣe wù ú. Irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dá iná sílẹ̀. Tú u wò kí o tó máa wa ọkọ̀ kiri.

4. Kọ́kọ́rọ́. Kó gbogbo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ lọ. Kí rewáyà pa gbogbo èyí tí kò sí lọ́wọ́ rẹ rẹ́, kó pa rìmóòtù àjèjì rẹ́ pẹ̀lú, kó wá kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i níṣojú rẹ. Tiwa padà di méjì.

5. Àgádágodo ilẹ̀kùn àti ti ibi tí a ń yí kọ́kọ́rọ́. Pààrọ̀ wọn bí irin kọ́kọ́rọ́ bá bọ́ sọ́wọ́ olè, tàbí bí ó bá fọ́ wọn.

6. Tracker àti suwíìṣì ìkọ̀kọ̀. Yọ ohunkóhun tí o kò mọ̀ kúrò. Bí o bá fẹ́ fi suwíìṣì tó ń dá epo dúró sí i, má fi í síbi tí ti àkọ́kọ́ wà. Olè ti mọ ibẹ̀. Yí password tracker padà.

7. Ilé rẹ. Ìwé tó ní àdírẹ́sì wà nínú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, kọ́kọ́rọ́ géètì sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ kan náà la pààrọ̀ àgádágodo géètì.

Àwa tí à ń ra tòkunbọ̀ ńkọ́?

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ní ẹ̀ṣọ́ yìí. Yúróòpù sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní 1998, Kánádà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2007, àmọ́ Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa ti ń wá, kò ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ Kia àti Hyundai tí wọ́n tà níbẹ̀ láàárín 2011 sí 2021, àwọn tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ onírin yí, kò ní in. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi fídíò TikTok kọ́ ara wọn bí wọ́n ṣe ń jí wọn, ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní oṣù kejì ọdún 2023 àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà kéde àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún wọn.

Nítorí náà, kí o tó sanwó tòkunbọ̀, béèrè bóyá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ní chip, kí o sì jẹ́ kí wọ́n ka iye kọ́kọ́rọ́ tí ọkọ̀ náà mọ̀. O kò mọ iye ọwọ́ tó ti kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì máa ń lọ sí Post Office. Kó tó sọ̀ kalẹ̀ nísinsìnyí, ó máa ń tẹ suwíìṣì kan. Ibi tó wà, èmi gan-an kò mọ̀ ọ́n, n kò sì bi í.