Ìyàwó Tó Ṣọ́ Ọkọ Rẹ̀ fún Ọdún 39

Bí wọ́n bá ní kí n wá wo aláìsàn tó ti pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Mà á ní kí wọ́n bá mi yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n wo ìbàdí, kí n wo ibi tí egungun ìdí ti sún mọ́ awọ, kí n wo gìgísẹ̀ méjèèjì. Ibẹ̀ kì í purọ́. Bí awọ ibẹ̀ bá ń dán, tí kò pọ́n, tí kò bó, mo ti mọ̀ pé ẹnìkan ń bẹ nínú ilé yẹn tí kì í fi òru sùn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ojú nọ́ọ̀sì náà ni mo ṣì fi ń wo ayé. Nígbà tí mo ka ìtàn obìnrin ará Faransé kan tó tọ́jú ọkọ rẹ̀ tó wà nínú kómà fún ọdún 39, ìfẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pariwo. Awọ ẹ̀yìn ọkùnrin náà lèmi ń rò.

Jean-Pierre Adams ni wọ́n ń pè é. Àwọn àgbà tó ń tẹ̀lé bọ́ọ̀lù ayé ìgbà yẹn á rántí rẹ̀. Dakar ní orílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gà ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 1948. Ọmọdé ló ṣì wà nígbà tí ìyá rẹ̀ àgbà, tí kò fi ìjọ Kátólíìkì ṣeré, mú un lọ sí ilẹ̀ Faransé, tó sì fi í sílé ẹ̀kọ́ ní ìlú Montargis. Tọkọtaya Faransé kan ló gbà á tọ́. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Nîmes, ó lọ sí Nice ní ọdún 1973, ó tún lọ sí Paris Saint-Germain ní ọdún 1977. Ìgbà 22 ló wọ aṣọ orílẹ̀-èdè Faransé, láàárín ọdún 1972 sí 1976. Ẹ̀yìn ló máa ń gbá, òun àti Marius Trésor tó wá láti Guadeloupe. Àwọn adúláwọ̀ méjì bẹ́ẹ̀ láàárín ẹ̀yìn ikọ̀ Faransé, kò wọ́pọ̀ nígbà náà. Ẹ̀ṣọ́ Dúdú ni àwọn oníròyìn sọ wọ́n. Ènìyàn gìdìgbà ni Adams, ó yára, ẹ̀rín kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Òyìnbó ni Bernadette ìyàwó rẹ̀. Òde ijó ni wọ́n ti pàdé, nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì kéré. Àwọn òbí rẹ̀ kò kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́ pé adúláwọ̀ ni ọmọ àwọn fẹ́ fẹ́. Ó fẹ́ ẹ náà ni, ní ọdún 1969. Nígbà tó yá, àwọn òbí yẹn gba àna wọn tọwọ́tẹsẹ̀. Ọmọkùnrin méjì ni wọ́n bí. Mo mẹ́nu bà á torí pé obìnrin tó ti dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú ìyá àti bàbá rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí dókítà kan máa fi ohùn líle lé kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀.

Ohun tó gbé Adams dé orí bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe àìsàn rárá. Adams ti ń fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ìlú Dijon, ibẹ̀ ló ti fi orúnkún ṣèṣe. Wọ́n ní kí ó wá ṣe iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn Édouard Herriot ní Lyon, ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1982. Ó ti pé ẹni ọdún 34 láti ọ̀sẹ̀ kan. Orúnkún lásán. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé ìwòsàn ni.

Ní ọjọ́ yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn náà wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì. Dókítà akunilóorun kan ṣoṣo ló ń bójú tó aláìsàn mẹ́jọ, Adams sì wà lára wọn. Ẹni tí wọ́n fi tì í gan-an ṣì ń kọ́ṣẹ́, ó ń tún kíláàsì kà. Ẹni tí wọ́n bá ti kùn lóorun fún iṣẹ́ abẹ kì í lè mí fúnra rẹ̀ dáadáa mọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ti rọ́bà gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Wọn kò ti ti Adams bó ṣe yẹ. Rọ́bà tó yẹ kó la ọ̀nà afẹ́fẹ́ ló wá dí i. Ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró, ọpọlọ rẹ̀ kò rí afẹ́fẹ́ gbà. Ọpọlọ kò sì ní ibi tó ń kó afẹ́fẹ́ pamọ́ sí; bí nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún bá ti kọjá láìsí afẹ́fẹ́, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà jẹ́, èyí tó bá sì kú níbẹ̀ kì í hù padà. Ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn fẹnu ara rẹ̀ sọ pé iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún òun ju agbára òun lọ. Ẹ̀wọ̀n oṣù kan tí wọn kò lọ ṣe ni adájọ́ dá fún òun àti dókítà náà, pẹ̀lú owó ìtanràn tí kò ju nǹkan bí 750 euro lọ. N kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìdájọ́ yẹn, kí n má baà ṣépè.

Ibí yìí ló ti yẹ kí n là á yé yín ohun tí wọ́n ń pè ní kómà, torí mo rí i pé àwọn èèyàn ń da á pọ̀ mọ́ oríṣiríṣi nǹkan. Ẹni tó wà nínú kómà gan-an, ojú rẹ̀ á wà ní pípadé, bí a pè é kò ní jẹ́, bí a fún un léèékánná kò ní jí. Láti ọdún 1974 ni àwọn dókítà ti ń lo òǹkà kan tó ti ìlú Glasgow wá láti fi díwọ̀n rẹ̀: wọ́n á wò ó bóyá ó ń la ojú, bóyá ó ń sọ̀rọ̀, bóyá ó ń mira. Ẹni tí ara rẹ̀ dá pé á gba 15. Èyí tó kéré jù ni 3. Ipò yìí kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Aláìsàn lè kú, ó lè jí, tàbí kí ojú rẹ̀ là, kó máa sùn kó máa jí, kó máa mí fúnra rẹ̀, síbẹ̀ kó má fi hàn pé òun mọ ohunkóhun. Ojú là, onílé kò sí nílé. Ó dà bíi pé ipò kẹta yìí ni Adams wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kómà ni gbogbo ìwé ìròyìn ń pè é. Bernadette sọ fún àwọn oníròyìn pé ọkọ òun ń mí láìsí ẹ̀rọ, ó ń gbọ́ òórùn, bí ajá bá gbó ara rẹ̀ á ta, àmọ́ kò ríran.

Ṣé ó mọ̀ pé ìyàwó òun ló ń fọ ojú òun? Kò sẹ́ni tó lè búra. Ní ọdún 2006, Adrian Owen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé obìnrin kan tó wà nírú ipò yẹn sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní kó máa rò ó lọ́kàn pé òun ń gbá tẹníìsì. Ibi tó máa ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ ẹni tí ara rẹ̀ dá ló ṣiṣẹ́ nínú tirẹ̀ náà. Obìnrin tí kò lè gbé ìka. Kì í ṣe gbogbo irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀ o. Ṣùgbọ́n kí n tó gbọ́ nípa rẹ̀ rárá ni mo ti máa ń lé àwọn mọ̀lẹ́bí tó bá jókòó ti aláìsàn ní wọ́ọ̀dù, tí wọ́n ń jíròrò ẹni tó máa jogún mọ́tò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ awọ. Nígbà tí wọ́n gbé Adams kúrò ní Lyon lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Chalon, àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kò yí i bó ṣe yẹ. Ọgbẹ́ ìdùbúlẹ̀ yọ sí i lára, ó jẹra títí ó fi kan egungun. Bernadette ló rí i. Ẹ̀jẹ̀ kì í lè dé ibi tí egungun bá ti tẹ awọ mọ́ bẹ́ẹ̀dì fún wákàtí púpọ̀. Ibẹ̀ á kọ́kọ́ pọ́n, tàbí kó dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ bó bá jẹ́ awọ tiwa, nígbà tó bá yá á bó, ihò á sì lu. Kò sí oògùn tó dà bíi kí á má jẹ́ kó yọ. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: wákàtí méjì-méjì, ọ̀tún, ẹ̀yìn, òsì. Ìrọ̀rí á wà láàárín orúnkún méjèèjì kí egungun má baà ha ara wọn. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì á tẹ́jú, torí ẹrún búrẹ́dì kan péré tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ tó láti dá ọgbẹ́ sílẹ̀. Pampers tó bá ti tutù, kíá ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá sì ń fún un lóúnjẹ gbọ́dọ̀ gbé orí rẹ̀ sókè, torí oúnjẹ tó bá gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ ń yára pa aláìsàn ju kómà fúnra rẹ̀ lọ.

Nígbà tó pé bí oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ilé ìwòsàn ní kí Bernadette gbé e lọ sí ilé àwọn arúgbó. Ẹni ọdún 35! Ó ní ilé òun ló ń lọ. Oṣù Kẹfà ọdún 1983 ló gbé e délé. Ó yá owó ní báńkì, ó kọ́ ilé tó bá aláìsàn mu, ó sì fún un ní orúkọ tó túmọ̀ sí Ilé Arẹwà Eléré-ìdárayá Tó Ń Sùn. Bí agogo méje àárọ̀ ni iṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á fá irùngbọ̀n rẹ̀, wọ́n á wọṣọ fún un, wọ́n á gbé e sórí kẹ̀kẹ́, wọ́n á fún un ní oúnjẹ tí wọ́n ti lọ̀ kúnná. Tó bá di bí agogo mẹ́jọ alẹ́, ó di orí bẹ́ẹ̀dì. Bí ọjọ́ ìbí rẹ̀ bá pé, ìyàwó rẹ̀ á ra ṣẹ́ẹ̀tì tàbí lọ́fíńdà fún un, á sì máa bá a sọ̀rọ̀. Ó ní bí òun kò bá sùn nílé fún ọjọ́ kan tàbí méjì, àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ràn án lọ́wọ́ máa ń rí i pé ìṣesí ọkọ òun yí padà.

Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀: àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ràn án lọ́wọ́. Obìnrin yìí kò dá a ṣe. Àjọ bọ́ọ̀lù Faransé fi owó ràn án lọ́wọ́, wọ́n gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ láti fi kówó jọ, kóòtù sì wá pàṣẹ owó ìtọ́jú fún un. Mo ń sọ èyí fún àwọn tó máa ka ìtàn yìí tán tí wọ́n á yíjú sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n wọn pé, ṣé ẹ rí ohun tí ìyàwó gidi ń ṣe? Lọ́dọ̀ tiwa, obìnrin lè ta ṣọ́ọ̀bù nítorí ọkọ tó dùbúlẹ̀, kí ẹbí ọkọ ṣì máa sọ lábẹ́lẹ̀ pé òun ló wà nídìí àìsàn náà. Mo ti gbọ́ ọ rí, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì báyìí ni wọ́n ti ń sọ ọ́.

Wọ́n bi Bernadette bóyá kò ní jẹ́ kí àwọn dókítà fòpin sí ẹ̀mí ọkọ rẹ̀, kó lè sinmi. Ó ní kò ṣeé rò, pé ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe òun ló máa pinnu fún un. Ohun tó gbà gbọ́ nìyẹn. Ìyàwó mìíràn tó bá sọ pé ó tó, èmi kò ní bá a jà, torí mo ti rí ohun tí ara ń fojú rí.

Jean-Pierre Adams kú ní Nîmes ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ní ẹni ọdún 73. Ọdún tó fi dùbúlẹ̀ ju èyí tó fi rìn lọ. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè wà láàyè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ bí awọ ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá dá. Bí obìnrin kan bá wà ládùúgbò yín tí ọkọ rẹ̀ wà nírú ipò yìí, ẹ gbàdúrà fún un, ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé ìgbà wo ló sùn kẹ́yìn, kí ẹ ní kó kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń yí aláìsàn, kí ẹ sì gba yíyí ti agogo méjì òru lọ́wọ́ rẹ̀.