Wáyà Tí O Fọwọ́ Wé Lè Sọ 2,450 Di 50!

Ṣé o mọ̀ pé wáyà bí mítà 20, tí o gé sí méjì láàárín, lè gbé ohùn rẹ sọdá òkun? Lórí 7 MHz, iṣẹ́ ọjọ́ gbogbo nìyẹn lọ́dọ̀ àwọn ham, àwọn tó ń fi rédíò bá ayé sọ̀rọ̀ nítorí ìfẹ́ lásán.

Rédíò wọn fẹ́ 50 ohm, ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dènà iná. Áńtẹ́nà ò sì gbọ́!

Bí áńtẹ́nà bá jẹ́ 200 tí coax, wáyà tó so ó mọ́ rédíò, jẹ́ 50, ìpín 36 nínú 100 agbára tó débẹ̀ ló máa sẹ́rí padà. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yí padà!

Ó yá, wo balun, ohun tó ń mú wọn bára mu. Òrùka dúdú kan, wáyà bàbà díẹ̀. O lè fọwọ́ ara rẹ wé e nílé.

Wé apá kan ní ìlọ́po méjì èkejì. O rò pé 200 á di 100? Rárá o! 50 ló máa dà.

Ìlọ́po mẹ́ta ńkọ́? Mẹ́sàn-án ni: 450 di 50.

Ìlọ́po méje wá ńkọ́? 49! Ẹ̀ẹ̀mejì níhìn-ín, ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá lọ́hùn-ún, 2,450 ohm ti di 50. (Ọmọ ìyá balun lèyí, áńtẹ́nà tí a so wáyà mọ́ ní ìdí kan ṣoṣo ló wà fún.) Mo fẹ́ràn ìṣirò yìí jọjọ.

Òrùka dúdú yẹn, ferrite ni. Irin àti ọ́síjìn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, bíi ti ìpẹtà. Kato àti Takei ló ṣe é ní Tokyo, ní 1930.

Ní 1944, Gustav Guanella ará Switzerland gbé balun tirẹ̀ jáde. Wọ́n ṣì ń wé e títí dòní, orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n ń pè é.

Walt Maxwell, ará Amẹ́ríkà, tí orúkọ rẹ̀ lórí rédíò ń jẹ́ W2DU, ò tilẹ̀ wé nǹkan kan. Ìlẹ̀kẹ̀ ferrite 50 ló sín sórí coax!

Bí kò bá sí balun, iná lè gba ẹ̀yìn coax wọlé padà, kí maikirofóònù ta ọ́ létè. Òótọ́ ni!

Rántí áńtẹ́nà tẹlifíṣàn orí òrùlé. Ohun kékeré tó ń sọ 300 di 75 lẹ́yìn tẹlifíṣàn, balun ni.

Gbọ́ èyí ná. Lórí 145 MHz, o ò nílò òrùka, o ò nílò ferrite. Coax sẹ̀ǹtímítà 68 tí o ká sẹ́yìn, 200 ti di 50! Ìdajì ìgbì ni, tó jẹ́ 103 nínú afẹ́fẹ́. Nínú coax yẹn, ìpín 66 nínú 100 eré ìmọ́lẹ̀ ni ìgbì ń sá, ló fi kúrú tó bẹ́ẹ̀.