Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Máàpù Alámì Róbótó

Tí ẹ bá wo máàpù orílẹ̀-èdè Niger, Agadez ló máa kọ́kọ́ gba ojú yín, nítorí ó gba ju ìdajì ilẹ̀ náà lọ. Niamey, olú-ìlú, kàn rí tóńtó létí Odò Ọya ni.

Ṣùgbọ́n nínú ìkànìyàn ọdún 2012, nǹkan bí 488,000 ènìyàn ni wọ́n kà ní gbogbo agbègbè Agadez. Ti Niamey lé ní mílíọ̀nù kan!

Máàpù alámì róbótó ló ń tú irú àṣírí yìí. A ó fi àmì róbótó kan sórí agbègbè kọ̀ọ̀kan. Bí iye bá ṣe pọ̀ tó ni àmì ṣe máa tóbi tó. Lójú ẹsẹ̀, àmì Niamey á ju ìlọ́po méjì ti Agadez lọ. Ti agbègbè Zinder, tí iye ènìyàn rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀, á ju ti àwọn méjèèjì lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ ya tiyín:

✅ Ààyè inú àmì ni kí ẹ fi bá iye mu, kì í ṣe ìbú rẹ̀. Bí iye bá di ìlọ́po mẹ́rin, ìbú á di ìlọ́po méjì péré. Bí ẹ bá sọ ìbú di ìlọ́po mẹ́rin, àmì náà á tóbi ní ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Irọ́ nìyẹn!

✅ Ẹ kọ iye tí ìwọ̀n àmì dúró fún sí ẹ̀gbẹ́ máàpù.

✅ Níbi tí àmì bá ti gun ara wọn, ẹ gbé kékeré sórí ńlá.

Irú máàpù yìí wúlò fún ètò ìlú, nítorí ibi tí ènìyàn pọ̀ sí ni ilé ìwòsàn àti ilé-ìwé gbọ́dọ̀ pọ̀ sí. Ẹ pín in kí ẹlòmíràn náà mọ̀.